Ìbọn àpò tẹ́ẹ ní ká kì sápò ká gbàgbé yẹn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Àpilẹ̀kọ tẹ́ẹ gbé jáde lórí ìbọn kékeré tí èèyàn lè kì sápò ṣòkòtò ni mo kà tí mo fi ní mi ò lè dákẹ́. Ohun tẹ́ẹ kọ síbẹ̀ nípa bó ṣe fúyẹ́, bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, bí aṣọ ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó ní ohun tó dáa jù lára ìbọn yìí ni pé èèyàn lè kì í sápò kó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ìyẹn? Ẹni tó bá gbàgbé ìbọn àpò sínú àpò, ọjọ́ tó bá nílò ẹ̀ gan-an ló máa mọ̀ pé irin lásán lòun ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí.

Iṣẹ́ tèmi ni pé mo máa ń bá àwọn èèyàn tú ìbọn wọn, kí n nù ún, kí n tò ó padà, kí n sì dúró tì wọ́n ní pápá ìyìnbọn tí wọ́n bá ń dán an wò. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n ń gbé wá, àwọn kékeré yìí ló ń há jù. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é ò mọṣẹ́ o, àwọn kan nínú wọn mọ̀ ọ́n dójú àmì, àmọ́ bí ìbọn bá ṣe kéré tó ni iṣẹ́ tó ń fún olówó ẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Ẹni tó ra ìbọn ọwọ́ tó tóbi, tí mò ń pè ní ìbọn ńlá, lè ṣọ̀lẹ díẹ̀ kó mú un jẹ, ẹni tó ra ìbọn àpò ò lè ṣọ̀lẹ rárá. Ìyẹn ló ń ká mi lára, torí àwọn tí ò ráyè, tí ò fẹ́ wàhálà, tí wọn ò ní padà sí pápá ìyìnbọn mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n rà á, àwọn gan-an ni wọ́n máa ń ta kékeré yẹn fún.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ẹ̀ ná. Tẹ́ẹ bá fa tírígà, píìnì á gbá ìdí ọta, ẹ̀tù á jó, ọta á jáde lẹ́nu ìbọn, agbára yẹn kan náà lá ti sílàìdì orí ẹ̀ sẹ́yìn, bó ṣe ń lọ sẹ́yìn ìkọ́ kékeré kan á fa èèpo ọta tó ti jó yọ, á sọ ọ́ síta, sípíríǹgì inú màgásíìnì, àpótí tí wọ́n ń to ọta sí, á ti ọta tuntun gòkè, sílàìdì á wá sáré padà síwájú, á sì gbá ọta tuntun yẹn wọlé, gbogbo ẹ̀ kó tó di pé èèyàn ṣẹ́jú. Nínú ìbọn ńlá, sílàìdì wúwo, ọ̀nà tó ń rìn gùn, èèpo ráyè jáde, ọta tuntun náà ráyè gòkè. Nínú ìbọn àpò wọ́n ti gé ọ̀nà yẹn kúrú, sílàìdì fúyẹ́ torí náà á fẹ́ sáré jù, wọ́n á wá fi sípíríǹgì líle kó o níjàánu, sípíríǹgì líle yẹn náà lá tún dá a padà wìì kí màgásíìnì tó gbé ọta sókè tán. Kò sáyè fún àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ìdọ̀tí díẹ̀ tí ìbọn ńlá máa gbé mì láìmira, kékeré máa dúró lórí ẹ̀. Màgásíìnì tí ẹnu ẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ torí pé ó já bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wàhálà ti dé nìyẹn.

Ọwọ́ ẹni tó mú un tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Sílàìdì ò lè lọ sẹ́yìn dáadáa àfi tí ara ìbọn bá dúró gbọn-in, ìbọn ńlá sì ní ìwúwo tó ń bá ọwọ́ ṣe ìyẹn. Ẹ wá wo LCP, ìbọn àpò ti ilé iṣẹ́ Ruger tó jáde ní 2008, tí ò bá ní ọta nínú, nǹkan bíi gíráàmù 270 ló wúwo, ìka méjì ló ń ráyè di ìdí ẹ̀ mú, ìka kẹta máa ń wá ibi tó máa dúró sí ni. Tí ọrùn ọwọ́ bá rọ̀, gbogbo ìbọn á bá sílàìdì lọ sẹ́yìn, sílàìdì ò ní dé ibi tó yẹ kó dé, èèpo ọta á há sẹ́nu ọ̀nà, á nàró ṣánṣán láàárín sílàìdì àti ọ̀pá ìbọn. Ẹni tó yìn ín á ní ìbọn yìí ò dáa. Ẹlòmíì á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á yìn ín tán láìhá lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí tọkọtaya tó bára wọn jà ní pápá lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọkọ ní ìyàwó òun ò mọ ìbọn mú, ìyàwó ní ayédèrú lo rà fún mi, àwọn méjèèjì ló sì jàre. Ṣẹ́ẹ rí i, ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tó ń sá lọ, tí ọwọ́ ẹ̀ kan di ọmọ mú tàbí tí ọwọ́ ẹ̀ ti fara pa, kò lè di ìbọn mú bó ṣe dì í mú ní pápá. Ìbọn tó jẹ́ pé àfi tí ọwọ́ méjèèjì bá le ló tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má pè é ní ìbọn tó ṣeé gbọ́kàn lé.

Ọ̀rọ̀ ọta ló wá pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ ọta .22 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí ìbú ọta ṣe tó) torí pé kì í ju ọwọ́ sẹ́yìn, ọta ẹ̀ náà ò wọ́n, mi ò bá wọn wí. Àmọ́ .22 ò ní práímà, ìyẹn ohun tó ń ṣáná sí ẹ̀tù, láàárín ìdí ẹ̀, etí ìdí yẹn ni wọ́n da nǹkan tó ń ṣáná sí yíká, tí nǹkan yẹn ò bá dé apá kan etí náà, tó sì jẹ́ pé apá ibẹ̀ ni píìnì gbá, kò ní dún. Ní nǹkan bíi 1905 ni ọta .25 jáde pẹ̀lú ìbọn tí John Browning, ọmọ Amẹ́ríkà tó mọṣẹ́ ìbọn bí ẹni mọ owó, ṣe fún ilé iṣẹ́ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù. Agbára .25 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti .22 lọ tó bá ti ẹnu ìbọn kúkúrú jáde, àǹfààní ẹ̀ ni pé práímà ẹ̀ wà láàárín, ó sì rọrùn kó wọlé. Nígbà yẹn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mọ̀ pé ohun tó ń yọ ìbọn àpò lẹ́nu jù ni pé kó dún, kó sì tún dún lẹ́ẹ̀kejì.

.32 náà ní tiẹ̀. Browning kan náà ló ṣe é, 1899 ló jáde, etí ìdí ọta náà sì yọ síta díẹ̀. Tẹ́ẹ bá fi ọta tó gùn tó bó ṣe yẹ sínú màgásíìnì, kò séwu. Àmọ́ ọta onímú ihò táwọn èèyàn ń rà báyìí máa ń kúrú ju olórí róbótó lọ, àyè á ṣẹ́ kù níwájú ẹ̀, tí ìbọn bá ju sẹ́yìn ọta á máa rìn nínú màgásíìnì, etí ìdí èyí tó wà lókè á wá bọ́ sẹ́yìn etí èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, àwọn méjèèjì á so kọ́ra. Ẹ gbá ìdí màgásíìnì, ẹ fa sílàìdì, ẹ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ yín, kò ní tú. Àfi kẹ́ẹ yọ màgásíìnì, kẹ́ẹ wá nǹkan ṣóńṣó fi tú u. Ta ló máa ráyè ìyẹn lójú ìjà? Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn bí ilé iṣẹ́ Seecamp ṣe ṣe tiwọn, ìbọn .32 kékeré yẹn, ọta onímú ihò Silvertip ti ilé iṣẹ́ Winchester ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ fún ẹni tó bá rà á pé irú ọta báyìí báyìí ni kó lò. Àwọn kan ń bínú pé ìbọn wo ló ń ṣa ọta jẹ. Èmi ò bínú o, ó yá mi lára ju ilé iṣẹ́ tó ní tiwọn ń jẹ gbogbo nǹkan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó rà á ló máa fúnra ẹ̀ mọ èyí tí kì í jẹ.

Àwọn kan á ní ṣé ìjọba ò yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó tà á ni. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí wọ́n ń wò lẹ́ ò mọ̀. Láwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ àdéhùn CIP, àjọ tó ń rí sí dídán ìbọn wò, tó bẹ̀rẹ̀ ní Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1914, wọ́n máa ń fi ọta tí agbára ẹ̀ ju ti ọjà lọ yin ìbọn tuntun, tí kò bá bẹ́, wọ́n á lu àmì sí i lára. Ó dáa. Àmọ́ ìbéèrè tí àmì yẹn dáhùn ni pé ṣé ọ̀pá ẹ̀ máa bẹ́ mọ́ èèyàn lójú, kò sọ pé ọta kẹrin máa wọlé. Ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà tí aráàlú ń rà lè ní kí wọ́n kó ìbọn ìṣeré ọmọdé kúrò lọ́jà, kò lè fọwọ́ kan ìbọn gidi, àwọn aṣòfin ti là á mọ́lẹ̀ láti 1976. Ìpínlẹ̀ California ló gbìyànjú díẹ̀ pẹ̀lú òfin tí wọ́n ṣe ní 1999: ìbọn mẹ́ta nínú irú kan náà, wọ́n á yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 600, 20 àkọ́kọ́ ò gbọ́dọ̀ há rárá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ há ju ìgbà 6 lọ nínú 600 yẹn, wọ́n á tún jù ú sílẹ̀ lórí kọnkéré kí wọ́n wò ó bóyá ó máa dún. Ẹ ṣírò ẹ̀, ìkan nínú ọgọ́rùn-ún lè há, ìbọn náà á yege, ìbọn tuntun sì ni o, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n mú, kò tíì wọ inú àpò ẹnikẹ́ni rí. Mi ò bú òfin náà, ó dáa ju kí wọ́n má yẹ̀ ẹ́ wò rárá lọ.

Ilé iṣẹ́ fúnra wọn ló sábà máa ń pè é padà tí nǹkan bá wọ́. Ọdún 2008 tí LCP jáde yẹn náà ni Ruger kéde pé kí wọ́n dá àwọn kan padà torí pé tó bá já bọ́ pẹ̀lú ọta nínú, ó lè dún. Ní 2013 ilé iṣẹ́ Springfield náà pe ìbọn wọn tó ń jẹ́ XD-S padà, torí ó lè dún nígbà tí sílàìdì bá ń padà síwájú láìfa tírígà. Wọ́n tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì kí wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíì, tí orúkọ ẹ̀ ò sí níwèé ilé iṣẹ́, ìyẹn lè má gbọ́ láéláé. Tẹ́ẹ bá ra àlòkù, ẹ fi nọ́ńbà ara ẹ̀ bi ilé iṣẹ́ tó ṣe é léèrè kí ẹ tó kì í sápò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àpò ń fojú ìbọn rí. Ọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá bá mi, ó ní kò ṣe é ní nǹkan kan, kò tiẹ̀ yìn ín rí láti ìgbà tó ti rà á, ó ṣáà fẹ́ kí n wò ó. Mo fa màgásíìnì yọ, òwú àpò ti kún ẹnu ẹ̀, ọ́ìlì tí wọ́n fi sí i látilé iṣẹ́ ti pò mọ́ òwú yẹn, ó ti dì bí àtè. Òwú wà lẹ́yìn tírígà, ó wà nínú ihò tí píìnì ń gbà jáde. Abẹ́ sílàìdì lápá ibi tó ń kan itan ẹ̀ ti dípẹtà látàrí òógùn. Ọta tó yọ látinú ilé ọta, ihò ìdí ọ̀pá tí ọta ń wà kó tó dún, ni mo wá gbé lé ẹ̀gbẹ́ ọta tuntun kí òun náà lè fojú ara ẹ̀ rí i, tiẹ̀ ti kúrú. Ó ní alaalẹ́ lòun máa ń yọ ọ́, òun á sì kì í padà láàárọ̀, ọta kan náà ṣáá. Gbogbo ìgbà tó bá kì í padà ni sílàìdì ń gbá orí ọta yẹn mọ́ iwájú, orí ọta ń wọnú èèpo díẹ̀díẹ̀, àyè tí ẹ̀tù ní láti jó sì ń dínkù, tí irú ẹ̀ bá dún, agbára inú ẹ̀ máa ju ohun tí ìbọn tín-ín-rín yẹn lè gbà lọ. Ọkùnrin yìí o, èèyàn jẹ́jẹ́, ó ń tọ́jú mọ́tò ẹ̀ bí ẹyin. Wọ́n ti sọ fún un pé ìbọn yẹn ò fẹ́ ìtọ́jú ni, ó sì gbà wọ́n gbọ́.

Ohun tí mo sọ fún un náà ni mò ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Àpò tí ìbọn bá wà, nǹkan míì ò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kì báà ṣe kọ́kọ́rọ́ tàbí owó ẹyọ, ìbọn náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú akọ̀ tiẹ̀ tó bo tírígà dáadáa, torí nǹkan tó bá há sí tírígà nínú àpò lè fà á. Ẹ nu òwú kúrò lára ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ yọ màgásíìnì, ẹ fa sílàìdì, ẹ fojú wo inú ilé ọta, ẹ tún fi ìka kàn án, ẹ má sọ pé ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọ́ìlì díẹ̀ ló ń fẹ́, tó bá pọ̀ jù òwú ló ń bá yín kó. Ọta tó bá ti ń wọlé ń jáde lemọ́lemọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún pápá, tó bá sì ti kúrú bíi ti ọkùnrin yìí, ẹ má yìn ín rárá. Sípíríǹgì ńkọ́? Ẹ wo ìwé tó bá ìbọn wá, iye ìgbà tí wọ́n ní kẹ́ẹ yìn ín kẹ́ẹ tó pààrọ̀ ti ìbọn àpò máa ń kéré gan-an sí ti ìbọn ńlá. Èyí tó wà nínú màgásíìnì, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé tí ọta bá pẹ́ nínú ẹ̀ á rọ̀, kíkì àti títú ló ń jẹ ẹ́ jù.

Kí ẹ tó gbọ́kàn lé e ṣá, ẹ yìn ín. Ọta tẹ́ẹ máa gbé kiri gan-an ni kẹ́ẹ yìn, ẹ má fi olórí róbótó tó pọ́ọ́kú dán an wò tán kẹ́ẹ wá lọ kì onímú ihò sí i nílé. Èmi máa ń ní kí wọ́n yìn ín tó igba kó tó di pé wọ́n gbà á gbọ́, pẹ̀lú gbogbo màgásíìnì tí wọ́n ní, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára màgásíìnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Owó ọta igba dun èèyàn, mo mọ̀. Tí kò bá sí owó yẹn, a jẹ́ pé owó ìbọn náà ò tíì pé nìyẹn. Ẹ yìn ín lọ́wọ́ ọ̀tún nìkan, ẹ yìn ín lọ́wọ́ òsì nìkan. Tó bá kọ̀ tí ò dún ní pápá, ẹ jẹ́ kí ẹnu ẹ̀ ṣì kọjú síwájú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kẹ́ẹ tó ṣí i, torí ẹ̀tù lè pẹ́ kó tó jó. Tó bá dún tìẹ̀ bí ẹni tó ní kẹ́lẹ́bẹ́, ẹ dúró, ọta lè ti há sínú ọ̀pá, ẹ má fi òmíì lé e.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí ti ń sọ pé ẹ jẹ́ ká kúkú ra rìfọ́fà, ìbọn tí àgbá ọta ẹ̀ ń yí. Ọ̀rọ̀ yín ò burú. Smith & Wesson ti gbé Chiefs Special wọn jáde láti 1950, ọta 5 ló ń gbà, tí ìkan ò bá dún ẹ tún fa tírígà, òmíì á yí bọ́ síbẹ̀, kò sí sílàìdì tí ọrùn ọwọ́ rírọ̀ máa dá dúró. Èyí tí kò ní òòlù níta tiẹ̀ ṣeé yìn láti inú àpò aṣọ láìyọ ọ́, sílàìdì ò lè ṣe ìyẹn, aṣọ á dí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan. Fún ẹni tí mo mọ̀ pé kò ní tọ́jú ìbọn, rìfọ́fà ni mo máa ní kó rà, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ẹ má pè é ní ohun tí kì í bà jẹ́. Tírígà ẹ̀ le, ó gùn, ẹni tí ò bá ti fi ṣe ìdánrawò ò lè yìn ín bá nǹkan tó jìnnà díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi irin fúyẹ́ ṣe máa ń ju ọwọ́ sẹ́yìn débi pé orí àwọn ọta tó ṣẹ́ kù lè máa yọ síwájú látinú èèpo wọn, tó bá yọ jù, àgbá ọta ò ní yí mọ́. Ẹ̀tù tí ò jó tán sì lè há sábẹ́ ìràwọ̀ tó ń ti èèpo jáde, àgbá á máa fi eyín rin irin. Ìwọ̀nyí kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣẹlẹ̀, wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tún ṣe lójú ọ̀nà.

Àwọn àgbà wa tí ọwọ́ ń ro náà ò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí kékeré ni wọ́n máa ń sáré rà fún wọn, bẹ́ẹ̀ kékeré ló ní sípíríǹgì tó le jù. Mo ti rí ìyá àgbà tó ń fa sílàìdì títí òógùn fi bò ó, tí kò ṣí. Beretta ní àwọn kan tó jẹ́ pé ọ̀pá ẹ̀ ló ń gbé sókè, bíi 950 àti 21A, ẹ ó fọwọ́ ki ọta kan sínú ẹ̀, ẹ ó pa á dé, ẹ ò fa nǹkan kan. Ó dáa fún wọn. Ọgbọ́n tó yẹ kí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ ni pé kò ní ìkọ́ tó ń fa èèpo yọ, èéfín ẹ̀tù ló ń tì í jáde, torí náà tí ọta bá kọ̀ tí ò dún, fífa sílàìdì ò lè yọ ọ́, ọ̀pá yẹn ni wọ́n máa ṣí. Ẹ fi han ìyá kó ṣe é lójú yín, kó tún un ṣe.

Olóòtú wa, tẹ́ẹ bá tún fẹ́ gbé irú àpilẹ̀kọ yẹn jáde, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọ ọ́ sọ irú ọta tó fi dán ìbọn náà wò, iye tó yìn, iye ìgbà tó há àti bó ṣe há. Kó fún ìyá àgbà kan yìn, kó tún fún ẹnì kan tí ò yìn ìbọn rí láyé ẹ̀, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ tiwọn náà. Kó wá gbé e sápò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ẹ ya fọ́tò inú ẹ̀ kí wọ́n tó nù ún, kẹ́ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé. Tí wọ́n bá nílò ẹni tó máa bá wọn tú u, mo wà níkàlẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tó ń nu ìbọn.